Àyè Bàbá Ràṣídì Nínú Àwòrán

Àwọn ọmọ ọmọ mi máa ń fi mí rẹ́rìn-ín bí mo bá ní mo ti gbé ìlú òkèèrè rí. Wọ́n á ní, "Màmá, Ṣómólú náà lẹ̀ ń pè ní ìlú òkèèrè?" Mo máa ń tún un ṣe fún wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: kò dìgbà tí ènìyàn bá wọ ọkọ̀ òfuurufú kó tó dé ìdálẹ̀. Bí o bá dé ibi tí ìwé ẹ̀rí rẹ kò já mọ́ nǹkan kan, tí owó tó wà lápò rẹ kò ṣeé ná, tí ológun sì lè dá ọ dúró lójú ọ̀nà kó bi ọ́ pé kí lo wá ṣe, ìdálẹ̀ lo wà. Èdè tìrẹ ni wọn ì báà máa sọ níbẹ̀.

Kétu ni wọ́n bí mi sí. Kétu ilé Alákétu ni mò ń wí, tó wà lábẹ́ ìjọba Kútọnu, kì í ṣe Kétu ọ̀nà Ìkòròdú. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé ìwé ìjọba níbẹ̀, èdè Faransé la sì fi ń kọ́ wọn. Nígbà tó yá, ìjọba wa kò rówó oṣù san mọ́. Ọkọ mi ti kú. Mo fi ọmọ mi kan ṣoṣo, Ìyábọ̀, sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá mi, mo sì forí lé Èkó. Nàìjíríà gan-an kò rọgbọ lásìkò náà. Àwọn ológun ló ń ṣèjọba, ètò ọ̀wọ́n tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Sáàpù sì ti sọ búrẹ́dì di oúnjẹ ọdún. Ṣùgbọ́n ẹni tí iná ń jó ilé rẹ̀ kì í béèrè bóyá òrùlé aládùúgbò ń jò kó tó sá wọ ibẹ̀.

Ìkíni ló kọ́kọ́ já mi láyà. Ní Kétu, bí mo bá pàdé àgbàlagbà, màá kúnlẹ̀, wọ́n á béèrè ìyá mi, wọ́n á béèrè oko, wọ́n á béèrè ọmọ. Ní òwúrọ̀ kejì tí mo dé Ṣómólú, mo kúnlẹ̀ kí ìyá arúgbó kan nídìí ẹ̀rọ omi. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi lórí ìlà bú sí ariwo.

"Àgànyìn, dìde jàre! Ṣé ibi tí a ti ń pọnmi lo fẹ́ kírun sí ni?"

Àgànyìn ni wọ́n ń pe gbogbo ẹni tó bá ti apá Kútọnu, Tógò tàbí Gánà wá. Mo ní èmi kì í ṣe Àgànyìn, Yorùbá ni mí, ọmọ Odùduwà bíi tiwọn.

Ọkùnrin kan dáhùn pé, "Odùduwà tó ń sọ Faransé?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo dé yàrá mi, mo gbé omi náà sílẹ̀, mo sì sunkún débi pé Ìyá Ràṣídì, tí ilẹ̀kùn tiwọn dojú kọ tèmi, gbọ́ ọ.

Abúlé Òkúta, ní Ṣómólú níbẹ̀, ni ilé náà wà. Ìyá Ràṣídì ló pe ọkọ wọn jáde. Bàbá Ràṣídì jẹ́ ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, mùsùlùmí tó lajú, ẹni pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí àtàǹpàkò wọn dúdú bíi pé wọ́n kì í wẹ̀ ẹ́. Wọ́n gbọ́ ẹjọ́ mi parí, wọ́n wá yíjú sí àwọn tó ń fetí kọ́ wa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ta ló pe ọmọ yìí ní Àgànyìn? Kétu ló ní òun ti wá! Nígbà tí Kétu ti mọ odi yí ìlú ká, ẹja làwa ń lé kiri ní Èkó. Ẹ yé dójú tì mí."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní ọmọ mi. Bí inú wọn bá dùn, wọ́n á pè mí ní Tíṣà. Ní gbogbo Èkó, ẹnu wọn nìkan ni mo ti ń gbọ́ orúkọ méjèèjì yìí.

*

Kò sí ilé ìwé tó gbà mí. Faransé ni ìwé ẹ̀rí mi. Bàbá Ràṣídì ló mú mi lọ sí ilé ìtẹ̀wé tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ní òpópónà Bajulaiye, nítorí wọ́n ti rí i pé ọwọ́ mi dára, pé mo lè ya òdòdó, kí n sì kọ lẹ́tà gbọọrọ láìlo rúlà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya etí káàdì ìgbéyàwó àti ti ìsìnkú.

Iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n máa fi ọwọ́ to lẹ́tà òjé. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ègé òjé kan. Wọ́n á dúró síwájú pátákó tó kún fún ihò kéékèèké, wọ́n á máa ṣa lẹ́tà, wọ́n á tò ó sẹ́yìn-sẹ́yìn kó lè jáde sójú bó bá dórí ìwé. Gbogbo Bajulaiye ló mọ̀ wọ́n. Ọkọ Alhaja tó ni ilé ìtẹ̀wé ló gbà wọ́n síṣẹ́ kó tó kú, Alhaja sì jogún wọn mọ́ ẹ̀rọ.

Ní òkè ilé kan náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí à ń pè ní Ẹnjiníà ń ṣe ètò fún kọ̀ǹpútà. Ohun tuntun ni kọ̀ǹpútà nígbà náà, àwọn tó sì fẹ́ rà á kò mọ ohun tí wọ́n ń rà. Ẹnjiníà á ya àwòrán bí ètò náà ṣe máa rí lọ fún wọn, wọn á wò ó, wọn á dá a padà. Ó ya ọ̀kan fún Alhaja. Alhaja gbé e sókè, wọ́n dorí rẹ̀ kodò.

"Kí lèyí? Ọ̀nà omi ni àbí ti iná?"

Mo wà níbẹ̀. Mo ní kí Ẹnjiníà jọ̀wọ́ ṣàlàyé ètò náà fún mi bí ẹni ń ṣàlàyé fún ọmọ, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀. Mo tún un yà. Mo fi ilẹ̀kùn hàn, níbi tí oníbàárà ń bá wọlé. Mo fi àká hàn, níbi tí ètò ń kó gbogbo iṣẹ́ pamọ́ sí. Mo fi iyàrá tí wọ́n ti ń tẹ ọ̀rọ̀ hàn, àti ẹnu ọ̀nà tí iṣẹ́ ń gbà jáde sórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Àpótí ni mo fi ṣe ohun kọ̀ọ̀kan, mo sì fi ọfà so wọ́n pọ̀.

Alhaja tẹ ìka mọ́ àká náà. "Hẹ̀n-ẹ́n! Bí mo bá wá iṣẹ́ èṣí, ibí ni màá ti rí i?"

"Ibẹ̀ ni, mà."

"Ó ti yé mi. Ẹnjiníà, obìnrin yìí ni kó o máa jẹ́ kó bá ọ sọ̀rọ̀ fún ènìyàn."

Báyìí ni mo ṣe rí iṣẹ́ sí òkè. Iṣẹ́ mi ni láti máa ya àwòrán ètò fún àwọn tọ́rọ̀ kàn. Ohun tí tíṣà mọ̀ ló ràn mí lọ́wọ́: ẹ̀kọ́ kan náà kì í ṣeé kọ́ kíláàsì mẹ́ta lọ́nà kan. Ti olówó yàtọ̀, ohun tó wọlé àti ohun tó jáde ló fẹ́ rí. Ti òṣìṣẹ́ yàtọ̀, ó fẹ́ mọ ẹni tó máa gbé iṣẹ́ fún òun àti ẹni tí òun máa gbé e fún. Ti Ẹnjiníà nìkan ló ní gbogbo ìfun àti ẹ̀dọ̀ ètò náà.

*

Ọjọ́ ọjà Kétu ni mo máa ń pe ilé. Màá tò sórí ìlà ní ilé iṣẹ́ tẹlifóònù, wọ́n á so mí pọ̀ mọ́ Kútọnu, Kútọnu á wá ilé ìfìwéránṣẹ́ Kétu, níbi tí ìyá mi ti ń jókòó dè mí pẹ̀lú agbọ̀n wọn.

"Ṣé àlàáfíà lo wà? Pariwo sókè, bí ẹ̀fọn lò ń dún létí mi!"

"Àlàáfíà ni mo wà, Màámi! Mo ti ríṣẹ́!"

"Iṣẹ́ kí ni?"

"Mò ń yàwòrán bí iṣẹ́ ṣe ń rìn!"

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pé, "Ó ní iṣẹ́ ń rìn. Èkó ti yí i lórí." Ẹ̀rín pa wá, èmi níbí, àwọn lọ́hùn-ún. Wọ́n wá gbé tẹlifóònù fún Ìyábọ̀.

"Ìyá mi, ṣé ẹ̀ ń bọ̀?"

"Mò ń bọ̀, ọmọ mi."

"Lónìí?"

Okùn já kí n tó dáhùn. Nígbà tí mo padà dé Abúlé Òkúta, Bàbá Ràṣídì wo ojú mi. Wọ́n sún àga kan fún mi, wọ́n sì ń bá kíka ìwé ìròyìn wọn lọ títí mo fi rí ọ̀rọ̀ sọ.

*

Alhaja pinnu láti ra kọ̀ǹpútà. Sáàpù ti jẹ́ kí lẹ́tà òjé tuntun wọ́n ju ohun tí wọ́n lè rà lọ, àwọn ti tẹ́lẹ̀ sì ti gbó. Ẹnjiníà ní kí n ya àwòrán tí wọ́n máa gbé síwájú àwọn òṣìṣẹ́ lọ́jọ́ ìpàdé. Mo yà á gẹ́gẹ́ bí ètò ṣe wà. Ó wò ó, ó họrí.

"Àǹtí, Bàbá Ràṣídì ńkọ́?"

"Iṣẹ́ wọn ni kọ̀ǹpútà fẹ́ gbà. Kò sí ibi tí wọ́n wà nínú ètò tí ẹ gbé fún mi."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ni àgbà ibẹ̀. Ṣé a máa wá gbé àwòrán síwájú gbogbo ilé, kí àgbà wò ó títí, kí wọ́n má rí ara wọn? Ìwọ̀sí nìyẹn. Ẹ fi wọ́n síbì kan."

"Kí ni wọ́n á máa ṣe níbẹ̀?"

"Ẹ kọ alábòójútó. Ọ̀wọ̀ ni. Gbogbo wọn á mọ̀ pé ọ̀wọ̀ ni."

Mo sọ fún un pé ohun tí tíṣà bá kọ sójú pátákó, ọmọ á dà á kọ sínú ìwé rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. A lọ bá Alhaja, àwọn náà sì ní bẹ́ẹ̀ ló tọ́. "Bí a bá ń pín ẹran, a kì í fo àgbà torí pé kò léyín," ni wọ́n wí. Kò sí ẹni tó lè jiyàn ìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ èmi náà.

Mo ya àpótí kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, mo kọ Bàbá Ràṣídì, Alábòójútó, sínú rẹ̀. Àpótí kì í dá dúró láìní ọfà, nítorí náà mo fa ọfà kan láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tẹ ọ̀rọ̀ lọ sọ́dọ̀ wọn, mo sì fa òmíràn láti ọ̀dọ̀ wọn lọ sórí ẹ̀rọ.

Lọ́jọ́ ìpàdé, àwọn òṣìṣẹ́ jókòó sórí ìdì ìwé. Bàbá Ràṣídì dìde, wọ́n káwọ́ sẹ́yìn, wọ́n sún mọ́ àwòrán náà.

"Èmi nìyí?"

"Ẹ̀yin ni, bàbá," ni mo wí.

"Ọfà yìí, ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Á jẹ́ pé kí wọ́n tó tẹ ohunkóhun, ó gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ mi kọjá."

Ẹnjiníà wo ilẹ̀. Alhaja ní, "Ìnṣáláhù."

Sùlé, tó ń wa ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá, pariwo pé, "Bàbá ti di ọ̀gá kọ̀ǹpútà! Ẹ rọra o, ẹ má lọ fi dúdú ìka yẹn kàn án, òyìnbó ni!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi lé lójú wọn. Bàbá Ràṣídì gba ẹ̀dà kan lọ sílé. Ìyá Ràṣídì fi ẹ̀kọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ẹnikẹ́ni tó bá sì wọlé, wọ́n á ní kó wá wo ibi tí ọkọ wọn wà.

*

Kọ̀ǹpútà dé. Ọmọbìnrin kan tó mọ títẹ̀ dáadáa bá a wá. Ohun tó bá tẹ̀, ètò Ẹnjiníà á gbé e lọ tààrà di ohun tí Sùlé máa fi sórí ẹ̀rọ. Kò dúró níbì kankan lọ́nà. Wọ́n ta lẹ́tà òjé ní ìwọ̀n fún àwọn apẹja etí ọ̀sà Bàríga, àwọn yẹn sì yọ́ ọ, wọ́n fi ṣe òjé ìdí àwọ̀n.

Bàbá Ràṣídì gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, gan-an níbi tí mo yà wọ́n sí. Láràárọ̀ ni Ìyá Ràṣídì ń lọ bùbá wọn. Láràárọ̀ ni àwa méjèèjì jọ ń rìn láti Abúlé Òkúta lọ sí Bajulaiye. Wọ́n á jókòó, wọ́n á gbé ọwọ́ lé orúnkún, wọ́n á máa dúró de iṣẹ́ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn.

"Ọmọ mi, èyí tó o tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ńkọ́?"

Ọmọbìnrin náà á ní, "Ó ti lọ, bàbá."

"Ó gba ibo lọ?"

"Ó kàn lọ ni, bàbá. Ẹ má bínú."

Mo gbìyànjú láti kọ́ wọn ní títẹ̀ nígbà tí àwọn yòókù bá lọ jẹun. Ìka wọn yára gbọ́ ẹ̀kọ́ ju bí mo ṣe rò lọ. Ojú ni kò gbà. Bí wọ́n bá ti wo ojú gíláàsì kọ̀ǹpútà náà díẹ̀, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú wọn, Sùlé tó bá sì wọlé á ní, "Àǹtí, kí lẹ ṣe fún bàbá wa?" Lọ́jọ́ kan, kò ṣe àwàdà náà mọ́. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

Mo lọ bá Alhaja. Wọ́n fi ìborùn bo ojú wọn.

"Kí ni kí n ṣe? Mi ò lè lé wọn. Ta ni màá lé? Mi ò sì rí iṣẹ́ fún wọn. Ẹ̀yìnkùlé ni mò ń gbà wọlé báyìí, kí n má bàa kọjá níwájú àga yẹn."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí a ṣe ń darí lọ sílé, Bàbá Ràṣídì dúró.

"Tíṣà, bá mi ya òmíràn."

"Òmíràn báwo, bàbá?"

"Yọ mí kúrò níbẹ̀."

Mo ní kí wọ́n ní sùúrù, bóyá Ẹnjiníà lè tún ètò náà ṣe. Wọ́n mi orí.

"Gbọ́, ọmọ mi. Bí Alhaja bá ní kí n máa lọ, wọ́n á ní ó lé arúgbó tí ọkọ rẹ̀ gbà síṣẹ́. Kò tọ́ sí i. Bí mo bá dìde lọ fúnra mi, wọ́n á ní orí mi dàrú, ta ló ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ lásìkò Sáàpù? Ṣùgbọ́n bí àwòrán tuntun bá jáde tí mi ò sí níbẹ̀, kò sí ẹni tó lé mi, mi ò sì sá. Iṣẹ́ náà ló tán."

"Èmi ni kí n yà á?"

"Ta ló tún mọ ibi tí mo wà?"

Mo yà á lójú wọn. Wọ́n dúró sẹ́yìn mi, mo ń gbọ́ èémí wọn. Níbi tí ọfà méjì wà, mo fa ẹyọ kan ṣoṣo, láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tẹ ọ̀rọ̀ lọ sórí ẹ̀rọ. Kò gba àkókò rárá. Mo ti kọ́ ọmọ ilé ìwé pé ìlà tó tọ́ ni ọ̀nà tó kúrú jù láàárín ojú ibi méjì, n kò sì tíì rí ìlà tó wúwo tó yẹn lọ́wọ́ mi.

Wọ́n ní, "Ó mọ́ tónítóní." Wọ́n lọ dágbére fún olúkúlùkù. Sùlé dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì, kò sì tètè dìde.

Mo ti máa ń ronú nípa àwọn òyìnbó tó fa ìlà gba ilẹ̀ wa kọjá, tí Kétu fi bọ́ sọ́wọ́ Faransé, tí Èkó bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní wọn kò rí wa ni wọ́n ṣe fà á bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, àlàyé náà kò tó mi mọ́. Àwa rí Bàbá Ràṣídì. A fẹ́ràn wọn, a bọ̀wọ̀ fún wọn, orúkọ wọn la kọ gàdàgbà. Àyè kò sì sí fún wọn síbẹ̀síbẹ̀.

*

Bàbá Ràṣídì kò lè san owó ilé mọ́, wọ́n sì kó lọ sí ilé bàbá wọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Àwọn mìíràn kó sínú yàrá tó dojú kọ tèmi. Ènìyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni wọ́n, wọ́n ń kí mi. Kò sí ẹni tó tún pè mí ní Tíṣà ní Abúlé Òkúta. Mo ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ ń pọ̀ sí i, mo ń fi nǹkan ránṣẹ́ sílé. Ìgbà mìíràn wà tí mo ń ti ibi iṣẹ́ dé tí n kò ní gbọ́ ohùn ara mi títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì á fi mọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, lẹ́yìn tí wọ́n tú wa sílẹ̀ nínú ìmọ́tótó àyíká, mo ra ọsàn, mo wá Bàbá Ràṣídì lọ. Agboolé náà kún. Àwọn àgbàlagbà obìnrin jókòó sórí ẹní nínú òjìji, Bàbá Ràṣídì sì wà láàárín wọn, wọ́n ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bàbá ti rù. Nígbà tí wọ́n rí mi, wọ́n dìde dúró, bẹ́ẹ̀ àgbà ni wọ́n.

"Ẹ wá wò ó! Ọmọ mi obìnrin nìyí, ọmọ Kétu tí mò ń sọ fún yín!"

Mo kúnlẹ̀. Wọ́n béèrè ìyá mi, wọ́n béèrè ọmọ mi, wọ́n béèrè ilé. Wọn kò kánjú. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, béèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Ṣómólú.

Kí n tó lanu, Bàbá Ràṣídì ti dáhùn. "Òun ló ń ya ibi tí kálukú máa jókòó sí."

Wọ́n fi ìwúrí sọ ọ́, bí ẹni ń sọ pé ọmọ òun di dókítà. Kò sí ìbínú kankan nínú ohùn wọn. N kò lè gbé orí mi sókè.

Ìyá arúgbó náà fi ọwọ́ tẹ ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wá àyè, ó sún ìdí.

"Iṣẹ́ yìí ga o," ni ó wí. "Lọ́dọ̀ tiwa níbí, a kàn máa ń sún ara wa ni. Bọ́ síbí, ọmọ mi."

Mo bọ́ bàtà mi, mo jókòó tì í.